Ohun Tí Ará Trinidad Ń Bá Ìjọba Rẹ̀ Sọ

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí Yorùbá ní erékùṣù Kàríbéánì. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n yí orí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. Bí a bá ti dárúkọ Trinidad níbí, òrìṣà àti ìlù ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lé. Lónìí, mo fẹ́ kí á gbọ́ ohun tí ọmọ orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ ń sọ nípa àwọn tó ń ṣèjọba lé e lórí, àti bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ tó sì ń ṣú fún un.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lórí ìtumọ̀. Ẹni tó ń dìbò, tó sì ń san owó orí, ni mo ń pè ní ará ìlú. Ìjọba ni gbogbo àwọn tí owó orí náà ń bọ́ sí lọ́wọ́, láti orí olórí ìjọba títí dé orí akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé. Trinidad and Tobago jẹ́ erékùṣù méjì lábẹ́ ìjọba kan, nítòsí Fẹnẹsúẹ́là. Wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1962, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní Ààrẹ tiwọn ní 1976. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, àwọn tí baba ńlá wọn ti Índíà wá jẹ́ nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí tiwọn ti Áfíríkà wá sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 34. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó débẹ̀ dé lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì: ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wọkọ̀ lọ ṣe lébìrà ní Trinidad.

Ìjà kan wà tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, n kò sì tíì ṣetán láti parí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló di kàlípísò, orin àwọn ará Trinidad. Wọ́n ní bí ẹlẹ́fẹ̀ ṣe máa ń jáde lóru ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ láti bá aṣebi wí láìwo ojú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni akọrin kàlípísò ṣe ń dojú orin kọ ìjọba, nítorí náà àwa la bí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Mo ti rí i tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nínú gbọ̀ngàn bí irú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Àwọn adárin tí wọ́n ń pè ní chantwell ti ń lé orin ní èdè patois, èdè tó ti ara Faransé jáde, kí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó tẹ ilẹ̀ náà. Lójú agbo kalinda, níbi tí wọ́n ti ń fi igi jà, ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ó di nǹkan bí ọdún 1900 kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò patois nínú orin náà. Àwọn ará Kóńgò wà níbẹ̀, àwọn ará Dahomey wà níbẹ̀. Kí nǹkan méjì jọra kò ní kí ọ̀kan bí èkejì.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wíwá tí à ń wá ara wa kiri ní ilé onílé kì í jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí onílé ń wí. Melville Herskovits, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, àti ìyàwó rẹ̀, Frances, lọ sí abúlé Toco ní Trinidad ní 1939, ìwé wọn sì jáde ní 1947. Ohun tó ṣẹ́kù láti Áfíríkà ni wọ́n ń wá. Maureen Warner-Lewis, tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lọ lórí Yorùbá tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń rántí, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1996. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Àwa tí a tẹ̀ lé wọn ni mo ń bá wí. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà níbí tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ PNM àti UNC ló ń du ìjọba níbẹ̀? Ẹ mọ orin Ṣàngó tí wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún, ẹ kò mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún. Kò dára bẹ́ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹni tó wà lókèèrè kì í ṣe àpótí tí a kó ẹrù wa pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn orin kan fún yín. Ní 1986, akọrin kan, ọmọ Mayaro, Winston Peters tí gbogbo ayé ń pè ní Gypsy, gbé orin kan jáde tó pe orúkọ rẹ̀ ní The Sinking Ship. Ó fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ojú omi tó lókìkí nígbà tí Eric Williams ń tukọ̀ rẹ̀. Ọ̀gákọ̀ kú, ẹlòmíràn gba ìtukọ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé. Williams ló gbé ẹgbẹ́ PNM dórí àlééfà ní 1956, orí ipò olórí ìjọba ló sì kú sí ní oṣù kẹta ọdún 1981. Owó epo rọ̀bì tó gbéra ní 1973 ti kún ìlú fọ́fọ́ nígbà ayé rẹ̀: ilé ńláńlá ń dìde, iṣẹ́ ìjọba ń pọ̀ sí i. Lábẹ́ George Chambers tó gba ipò rẹ̀, owó epo já wálẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Gbogbo ilé ló ti ń ráhùn kí Gypsy tó la ẹnu.

Ẹ wo ibi tó ti kọ ọ́. Láti oṣù kìíní títí di kánífáàlì, àwọn akọrin máa ń kóra jọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní àgọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbọ̀ngàn ni púpọ̀ nínú wọn báyìí. Ará ìlú á sanwó, á jókòó, á gbọ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á pariwo kí akọrin padà wá kọ ẹsẹ kan sí i, òun náà á sì ti múra ẹsẹ yẹn sílẹ̀. Mínísítà lè wà lórí ìjókòó níwájú, kó máa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹnu yìí kò dédé là o. Ní 1934, ìjọba amúnisìn ṣe òfin tó fún ọlọ́pàá lágbára láti fòfin de orin tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn òmìnira pàápàá, Hollis Liverpool, tí wọ́n ń pè ní Chalkdust, tó jẹ́ olùkọ́, rí ìjàngbọ̀n lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ nítorí orin tó ń kọ. Ó fi orin mìíràn dá wọn lóhùn. Ó di ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì jáwọ́ nínú orin.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1986 náà, wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ tuntun kan, NAR, tí A.N.R. Robinson ọmọ Tobago jẹ́ olórí rẹ̀, gba ìjókòó 33 nínú 36. PNM tó ti ṣèjọba fún 30 ọdún mú mẹ́ta. Wọ́n máa ń bi mí bóyá orin ló lé wọn lọ. Àìríṣẹ́ ló lé wọn. Ṣùgbọ́n orin ló jẹ́ kí ẹni tó ń ráhùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀ mọ̀ pé aládùúgbò òun náà ń ráhùn, ẹni tó bá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù àpótí ìbò mọ́. Bí Robinson ṣe dé, owó kò sí nílé. Ó gé owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn akọrin sì kọjú sí òun náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1990, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Yasin Abu Bakr, olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan, gbé ìbọn wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì yìnbọn mọ́ olórí ìjọba lẹ́sẹ̀. Ìfipágbàjọba náà kò bọ́ sí i, àmọ́ ní 1991 àwọn ará ìlú fi ìbò lé NAR kúrò. Gypsy fúnra rẹ̀ wọ ilé aṣòfin ní 2000 lábẹ́ UNC, ó sì di mínísítà ní 2010. Àwọn akọrin tó kù kò tìtorí rẹ̀ dákẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdì kejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìlú tó jẹ́ ọmọ Índíà ní àgọ́ kàlípísò kì í ṣe tàwọn. Nígbà tí Basdeo Panday di olórí ìjọba ní 1995, ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó dé ipò náà, àwọn orin kan jáde tó bu ẹ̀yà rẹ̀ jù bí wọ́n ṣe bá ìṣèjọba rẹ̀ wí lọ. Ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́. Ẹnu tó ń bá ìjọba wí kò ní àṣẹ láti bú ẹ̀yà ẹlòmíràn, n kò sì gbà fún àwọn tó ń fi òmìnira ọ̀rọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Orin nìkan kọ́ ni ará ìlú fi ń bá ìjọba wí; ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ omi. Nígbà kan tí mo lọ ṣe ìwádìí, ìyá àgbà kan gbà mí sílé rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lókè Port of Spain, olú ìlú wọn. Táńkì dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ga jù mí lọ. Ọjọ́ tí omi ń wá kì í ṣe ojoojúmọ́, ó sì lè jẹ́ òru. Mo máa ń gbọ́ tí ẹ̀rọ omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn afẹ́fẹ́. Kí n tó dìde, ìyá ti tan iná, ó ti gbé gàrawa sábẹ́ rẹ̀, ó ń fi aṣọ funfun sẹ́ ìdọ̀tí àkọ́wá omi. Bó ṣe ń pọnmi ló ń dárúkọ àwọn mínísítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè tí òjò ń rọ̀ sí láti oṣù kẹfà dé ìparí ọdún nìyí, tó tún ní ilé iṣẹ́ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ní Point Lisas. Páìpù tó ti gbó ló ń da omi nù. Epo rọ̀bì àti gáàsì ti pawó fún wọn kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí ìyá náà, ó sì tọ́ kó bí i.

Alága ti fún mi ní ìwé pé àkókò ti ń lọ. Mo gbọ́. Lórí ìbò, nǹkan kan péré: ní oṣù kejìlá ọdún 2001, PNM àti UNC mú ìjókòó 18-18. Robinson, tó ti di Ààrẹ, gbé ìjọba fún Patrick Manning ti PNM. Ilé aṣòfin kò lè yan olórí ilé, wọ́n sì tún ìbò dì ní 2002. Ìjókòó ti di 41 báyìí kí irú rẹ̀ má bàa wáyé mọ́. Ní Tobago náà, ìbò ilé ìgbìmọ̀ tiwọn já sí 6-6 ní oṣù kìíní ọdún 2021.

Lórí ààbò, èèyàn tí wọ́n pa ní 2024 ju 600 lọ, ní orílẹ̀-èdè tí kò tó mílíọ̀nù méjì. Ìjọba kéde pàjáwìrì ní ìparí ọdún náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n dìbò, Kamla Persad-Bissessar ti UNC sì padà di olórí ìjọba.

Ní ti àwọn tó fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òrìṣà, òfin ìgbéyàwó ẹlẹ́sìn òrìṣà wà nínú ìwé òfin Trinidad láti 1999.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Láti 2005 ni ilé ẹjọ́ gíga ti gbogbo Kàríbéánì ti wà ní Port of Spain, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ Privy Council ní London ni ẹjọ́ ará Trinidad ń parí sí. Àwọn kan níbẹ̀ sọ fún mi pé ìlú kéré, adájọ́ àti olóṣèlú jọ lọ ilé ìwé kan náà ni, ó sàn kí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni dájọ́. Mo lóye ìbẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn: àwọn tó lè kọrin bá mínísítà wí lójú rẹ̀ lè ṣọ́ adájọ́ tiwọn.