Bí A Ṣe Ń Ra Ẹ̀rọ Ìfági Àlòkù fún Iṣẹ́ Igi Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa

 

Akọ̀wé ní kí n sọ ohun tó lè ṣe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì láǹfààní, àti àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Mo rí i pé púpọ̀ nínú wa tó jókòó ní kíláàsì iṣẹ́ igi nígbà yẹn ló ti ń padà sídìí ayùn àti òòlù báyìí. Ẹnì kan ń kan àga fún ọmọ-ọmọ, ẹlòmíràn ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù sílé. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí ẹ̀rọ ìfági tòkunbọ̀ kan. Ṣé kí n rà á?" Ìdáhùn mi ni mo kó wá síbí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Ẹ̀rọ tí mò ń wí ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní jointer. Tábìlì irin méjì ló ní, ọ̀pá tí abẹ wà lára rẹ̀ sì ń yí láàárín wọn. Tábìlì iwájú, níbi tí igi ti ń wọlé, máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, bíi mìlímítà 1, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe fẹ́ fá a tó. Tábìlì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ẹnu abẹ dọ́gba. Nípa báyìí, pákó ìrókò tàbí ọ̀gánwó tó ti tẹ̀ yóò ní ojú kan tó tẹ́jú, àti etí kan tó tọ́. Ẹ̀rọ kejì, èyí tó ń sọ pákó di ìwọ̀n kan náà, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ńṣe ló máa ń fi agbára tẹ pákó tó wọ́ mọ́lẹ̀. Bí pákó náà bá jáde tán, á tún wọ́ padà bó ṣe wà.

Kí ló dé tí a fi ń wá àlòkù? Ẹ̀rọ tuntun wọ́n, a sì mọ bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe rí. Lọ́nà kejì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà, ó wúwo, kì í gbọ̀n nídìí iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Wadkin, tó bẹ̀rẹ̀ ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1897, wà lára àwọn tí ẹ̀rọ wọn àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó mọyì rẹ̀. Àlòkù kì í ṣe ìtìjú rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín jẹ, ojàre! Ojú tábìlì ni kí ẹ rà, ẹ má ra ọ̀dà.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú rúlà irin gígùn kan tó tọ́ dáadáa, ẹ mú sikúẹ̀, ẹ mú iná tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì mú fílà gééjì, àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo. Ẹ rí i pé iná kò sí lára ẹ̀rọ náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi rúlà lé tábìlì kọ̀ọ̀kan ní gígùn, kí ẹ sì tún fi lé e láti igun dé igun. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rúlà, ẹ fi ewé irin wọn àlàfo náà. Ní tèmi, bí ewé 0.1mm bá wọlé wẹ́rẹ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé tábìlì iwájú sókè kó bá ti ẹ̀yìn dọ́gba, kí ẹ na rúlà kọjá lórí méjèèjì. Tábìlì tó wálẹ̀ ní ìdí nítorí pé ojú ìyọ́ rẹ̀ ti jẹ, a ṣì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tábìlì tó lọ́ bí ewé, tàbí tó ti sán tí wọ́n jó o pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ìpẹtà ńkọ́? Ìpẹtà orí kì í ṣe àrùn ikú. Epo díẹ̀ àti ìwé ìyanrìn yóò mú un kúrò. Èyí tó ti jẹ irin di ihò ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ wá kọjú sí ọ̀pá abẹ. Ẹ fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ láti ibi pọ́lì tí bẹ́líìtì ń gbà, kì í ṣe láti ẹnu abẹ o. Bó bá ń dún bí ẹni tó ń lọ gàrí, bíárìn rẹ̀ ti lọ. Ìyẹn kò yẹ kó lé yín sá. Nọ́ńbà wà lára ọ̀pọ̀ bíárìn, irú bíi 6204. Ẹ ó mú nọ́ńbà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bíárìn, ẹ ó rà á. Ẹ kàn fi nàájà ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá fúnra rẹ̀ bá ti jẹ níbi tí bíárìn ń jókòó, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ ka àwo kékeré tó wà lára mótò iná rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fésì mẹ́ta, fóòtì 400 tàbí 415, tí ilé yín sì jẹ́ fésì kan, kò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ fóòtì 115 àti 60Hz, nígbà tí tiwa jẹ́ 230 àti 50Hz. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ẹ ra tiransifọ́mà." Òótọ́ ni pé tiransifọ́mà ń dín fóòtì kù, ṣùgbọ́n kò lè yí Hz padà. Mótò tó yẹ kó yí ní ìgbà 3450 ní ìṣẹ́jú kan yóò máa yí ní nǹkan bíi 2875, ó sì lè máa gbóná. Bí bẹ́líìtì bá ló ń fa ọ̀pá abẹ, a lè pààrọ̀ mótò náà pátápátá. Ẹ ṣírò owó ìyẹn mọ́ ọn kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Ẹ̀yin tó ń lo gẹnẹrétọ̀, ẹ rántí pé irú mótò yìí máa ń gba iná púpọ̀ ju ti ìdúró rẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra.

Ó ku ohun kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ọwọ́ yín. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà tí ọ̀pá abẹ wọn ní igun mẹ́rin, tí kò rí roboto. Àlàfo tó wà níbẹ̀ fẹ̀. Bí ìka bá yọ̀ síbẹ̀, ńṣe ni yóò fà á wọlé. Láti ọdún 1922 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọ̀pá abẹ irú ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ ti igi sí jẹ́ roboto. Nítorí náà, bí ẹ bá rí onígun mẹ́rin, bí wọ́n bá fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, ẹ má gbà á. Ẹ̀rọ tí kò sì ní ìbòrí abẹ, ẹ má ṣe tan án títí ẹ ó fi ṣe òmíràn sí i. Bí abẹ bá mú tó, kò mọ ọwọ́ tó rà á. Ẹ fi igi ìtìgi ti pákó, ẹ má sì fá èyí tó kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ.

Ẹ̀yin ará, bí iná bá wà níbi tí ẹ ti fẹ́ rà á, ìdánwò kan ló ṣẹ́kù. Ẹ mú pákó méjì dání láti ilé, ẹ fá etí wọn, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, kí ẹ sì kọjú wọn sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá kọjá, ẹ sanwó. Bó bá ń kọjá, tí olówó ọjà sì ń kánjú, ẹ rántí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òmíràn ń bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun lọ wò ó, kó má tijú, kó ké sí mi. Rúlà mi wà nílẹ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká fi owó ra ìbànújẹ́, kí ẹgbẹ́ wa sì máa gbèrú sí i.