Ìrora ọmọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ẹ má dúró de ẹkún

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkà ní èdè wa, ọ̀rọ̀ ọmọ ni a mú wá fún yín lónìí.

Wọ́n dábẹ́ fún ọmọkùnrin ní ilé ìwòsàn. Tàbí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún un. Tàbí wọ́n la eéwo ńlá fún un. Ní ọjọ́ náà gan-an, wọ́n ní kí ẹ máa gbé e lọ sílé. Oògùn tí kò jẹ́ kí ó mọ ìrora yóò tán lára rẹ̀ lójú ọ̀nà tàbí ní alẹ́. Dókítà kò sí nítòsí mọ́. Ọwọ́ yín ni ọmọ wà.

Ǹjẹ́ ọmọ kékeré mọ ìrora? Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ dókítà pàápàá rò pé ọmọ tuntun kì í mọ ìrora bí àgbà. Ní ọdún 1987, dókítà Anand àti dókítà Hickey kọ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ọmọ pé «ọkùnrin kì í sunkún». Ọmọ tí ara ń ro kì í sùn dáadáa, kì í jẹun, ẹ̀rù àtitọ̀ sì máa ń bà á.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Bí ọmọ kò bá tíì lè sọ̀rọ̀, ẹ wo ojú rẹ̀ bí ó bá ń fún un pọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ń ká a kò. Ẹ wò ó bóyá ọmú ń pa á lẹ́kún. Ọmọ tí ó dákẹ́ tí kò fẹ́ ṣeré, ìrora lè wà lára òun náà. Bí ó bá ti tó ọmọ ọdún 4, ẹ kó ọmọ ayò 4 síwájú rẹ̀. Ẹ ní: «Ẹyọ 1 ni ìrora díẹ̀, 4 ni ìrora tí ó pọ̀ jù. Mélòó ni tìrẹ?» Yóò sọ fún yín.

Oògùn wo ni? Èyí tí dókítà kọ sí ìwé ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, paracétamol ni. Ìwúwo ọmọ ni a fi ń mọ iye rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Kílò kọ̀ọ̀kan gba 15 mg lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kílò 12 ńkọ́? 15 lọ́nà 12 jẹ́ 180 mg.

Nísinsin yìí, ẹ ka ara páálí oògùn olómi. Bí wọ́n bá kọ 120 mg nínú 5 ml, ọmọ náà yóò mu 7,5 ml. Bí wọ́n bá kọ 250 mg nínú 5 ml, 3,6 ml péré ni yóò mu. Ẹ rí i pé ìgò méjì lè jọ ara wọn, kí agbára wọn má dọ́gba. Ike ìwọ̀n tí ó wà nínú páálí náà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 3, ẹ bi dókítà kí ẹ tó fún un ní oògùn kankan.

Ìgbà wo ni a ó fún un? Ẹ má dúró de ẹkún. Ìrora tí ó ti le tán ṣòro láti rọ̀. Ní ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, ẹ fún un ní wákàtí 6-6: aago 6 àárọ̀, aago 12 ọ̀sán, aago 6 ìrọ̀lẹ́, aago 12 òru. Bí ó bá sùn, ẹ rọra jí i. Kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ kọ wákàtí àti iye rẹ̀ sí ìwé, kí ìyá má fún un tán kí ìyá àgbà tún fún un. Oògùn ibà tàbí ti ọ̀fìnkìn lè ní paracétamol nínú: ẹ ka páálí rẹ̀ kí ẹ má baà fún un ní ìlọ́po méjì. Paracétamol tí ó pọ̀ jù ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ má fún ọmọ ní aspirine. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní codéine tàbí tramadol: wọ́n lè dá èémí rẹ̀ dúró.

Ẹ má ra oògùn lórí igbá lọ́jà. Ní ọdún 1990, ní ìlú Jos ní Nàìjíríà, ọmọ 47 kú nítorí paracétamol olómi tí wọ́n fi májèlé pò. Ilé oògùn tí ìjọba mọ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó: ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Oògùn nìkan kọ́. Ẹ fún ọmọ ọwọ́ ní ọmú. Ẹ gbé èyí tí ó dàgbà mọ́ra, ẹ pa àlọ́ fún un. Ẹ wọ aṣọ tí kò fún fún un. Ẹ má fi eérú, epo tàbí ewé sí ojú egbò.

Ẹ tètè gbé e padà sí ilé ìwòsàn bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí ọyún bá ń jáde, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí kò bá lè tọ̀, bí ó bá ń bì lemọ́lemọ́, tàbí bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kí ó máa dínkù.

Ẹ̀yin ará, ìwé tí ẹ kọ́ àti ìṣirò tí ẹ mọ̀, iṣẹ́ wọn nìyí. Ẹni tí ó mọ̀wé kà, kí ó ka ara páálí fún aládùúgbò tí kò mọ̀ ọ́n. Ó dìgbà kan ná.