Ẹ̀kọ́ àti Orúkọ Iṣẹ́

Ní ọdún 1854 ni Wilhelm Löhe, àlùfáà ìjọ Lútérù ní Jámánì, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn díákónì obìnrin sílẹ̀ ní Neuendettelsau. Ìjọ kọ́ wọn ní ìtọ́jú aláìsàn. Ìjọ kan náà ni ó sì fún wọn ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ní 1957, òfin Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní kí ẹni tí yóò máa jẹ́ nọ́ọ̀sì gba àṣẹ ìjọba. Ìbéèrè wá dìde: nọ́ọ̀sì ni díákónì obìnrin í ṣe ni, tàbí ìránṣẹ́ ìjọ? Èmi wí pé, méjèèjì ni. Ìwé-ẹ̀rí a máa jẹ́rìí sí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ìpè a máa jẹ́rìí sí ọkàn. Ẹ̀yin tí ń tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe, ẹ má ṣe fi ọ̀kan dù wọ́n.