Fóònù Kékeré fún Ẹni Tí Ń Kọ́ Ìwé

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ fi owó àjọ ra fóònù ńlá, èyí tí à ń fi ìka ra lójú. Èmi ní kí ẹ mú kékeré oníbọ́tìnnì ná. Kì í tètè jẹ iná tán, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo ń wí.

Lórí fóònù ńlá, ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ sí i, kí ó máa gbọ́ èsì, kó má ka lẹ́tà kan láti àárọ̀ di alẹ́. Ìwé tí ẹ fi alẹ́ kọ́, ẹ óò gbàgbé rẹ̀. Ti kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Bí alẹ́ẹ̀tì báńkì bá dé, kíkà ni ẹ óò kà á. Ẹni tí ó ń bá yín kà á ti mọ iye tí ẹ ní. Bí ó bá tún ń bá yín tẹ nọ́ńbà àṣírí, owó yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù un!

Ẹ tẹ *310#. Láti ọdún 2023 ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà ti ń lo nọ́ńbà kan náà yìí. Owó ìpè tó kù yóò jáde. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì.

Àléébù kan wà, n kò ní fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní àmì ohùn. Bí ọmọ yín bá kọ “owo” ránṣẹ́, ṣé owó ni, àbí ọwọ́, àbí òwò? Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Fóònù ńlá sàn jù ú lọ níbẹ̀.

Ó yá, ẹ yọ fóònù síta. Bọ́tìnnì 2 ni a, b àti c wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí lẹ rí?