Ìdí ìkòkò làwọn ará Iran ń dù

Bí ẹ bá dé òpópónà Westwood ní Los Angeles, ẹ yà sí ilé oúnjẹ Iran kan. Kì í ṣe ibi olówó ńlá o. Wọn yóò gbé koobideh wá: ẹran lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ àlùbọ́sà, tí wọ́n sun lórí ẹ̀yinná, pẹ̀lú ìrẹsì àti tòmátì sísun. Ṣùgbọ́n tahdig ni wọ́n ń dù, ìrẹsì tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò títí tó fi pọ́n. Bíi ti jọ̀lọ́ọ̀fù wa náà ni, ẹni tó bá pẹ́ kò ní bá a.

Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń jẹun níbẹ̀ kúrò nílé nígbà tí ìjọba ọba Iran dojú dé lọ́dún 1979. Àwọn mìíràn kò padà lọ mọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, inú abọ́ yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ Iran.