Ta Ló Ń San Owó Jọ́nà? Accra àti Ìmọ̀ Tí A Ń Kà Lọ́fẹ̀ẹ́

Jọ́nà ni ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń jábọ̀ iṣẹ́ ìwádìí wọn fún ara wọn. Olùwádìí á fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí olótùú, olótùú á fún àwọn onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, èyí tó bá yege ni wọ́n á tẹ̀ jáde. Ẹni tó kọ ọ́ kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà á ló ń sanwó láti ìgbà pípẹ́, owó ọ̀hún kò sì kéré. Ní ọdún 2012, ìgbìmọ̀ kan láàárín àwọn olùkọ́ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ síwèé pé owó jọ́nà tí ilé-ìkàwé àwọn ń san fún àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńláńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.75 dọ́là lọ́dún, pé apá àwọn kò sì ká a mọ́. Bí Harvard bá ń ké, kí ni Legon yóò wí?

Legon ni òkè tí Yunifásítì Gánà wà, ní ìlú Accra. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún kan náà pẹ̀lú ti Ìbàdàn, lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Orúkọ David Balme, ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, ni wọ́n fi sọ ilé-ìkàwé ńlá rẹ̀. Nígbà tí kòkó ṣì ń pawó, jọ́nà òkèèrè kì í wọ́n lórí pẹpẹ ìwé. Àmọ́ nígbà tó fi máa di bíi ọdún 1983, nǹkan ti dàrú. Sídì, owó ilẹ̀ Gánà, ti já wálẹ̀, owó òkèèrè ti di ọ̀wọ́n, ọ̀dá òjò àti iná igbó ń jà, Nàìjíríà sì lé ọ̀pọ̀ yanturu ọmọ Gánà padà sílé lọ́dún náà gan-an. Orílẹ̀-èdè tí kò rí dọ́là ra oògùn, jọ́nà wo ni yóò rà? Kò pẹ́ tó fi kan Nàìjíríà náà: lẹ́yìn tí náírà já ní 1986, ohun tó ṣe Legon ṣe Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé agbègbè yìí títí di òní, ẹni tó bá wo pẹpẹ jọ́nà yóò rí ọdún tí ẹ̀dà tuntun kò wá mọ́.

Ìyà tó wà níbẹ̀ kò mọ sórí àìríkà nìkan. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe ní abúlé Gánà lè di àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amsterdam, kí dókítà tó wà ní ilé-ìwòsàn Korle Bu ní Accra má sì rí i kà àfi tó bá sanwó.

(Orin díẹ̀, kó rọlẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀.)

Kì í ṣe pé Accra kò ní jọ́nà tirẹ̀. Ọdún 1952, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ Gold Coast, ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà dá Ghana Medical Journal sílẹ̀ ní 1962. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kwame Nkrumah ṣí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ní Legon, ibẹ̀ sì ni jọ́nà Research Review ti jáde, èyí tó ń jẹ́ Contemporary Journal of African Studies nísinsìnyí. Legon Journal of the Humanities dé ní 1974.

Bí irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ṣe ń jáde yẹ kí a mọ̀ dáadáa, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni olótùú. Tó bá kọ́ni tán lójúmọ́ ló ń ṣe é, kò sì sí owó oṣù lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń wá owó ìwé àti owó ìtẹ̀wé. Tí owó bá wà, jọ́nà á jáde. Tí kò bá sí, ọdún kan lè di mẹ́ta, wọn á sì di ẹ̀dà ọdún mẹ́ta papọ̀ sójú kan. Ìdààmú tó tún pọ̀ ni pé ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní Accra kì í sábà dé Kumasi, ká má tíì sọ Ìbàdàn tàbí Dakar. Nítorí náà, ọ̀nà méjèèjì ló dí: onímọ̀ Gánà kò rí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn kà, àwọn ẹlòmíràn kò sì rí tirẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀nà náà ṣeé là. Ní 1991, Paul Ginsparg, onímọ̀ físíìsì ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà, dá àká kan sílẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àpilẹ̀kọ wọn sí fún ẹnikẹ́ni láti kà. Arxiv ni wọ́n ń pè é lónìí. Ọdún 1998 ni Bràsílì gbé SciELO jáde fún àwọn jọ́nà tirẹ̀, owó ìjọba ló sì fi ṣe é. Ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ INASP tó wà ní Oxford bẹ̀rẹ̀ African Journals Online, èyí tí àwọn olùwádìí ń pè ní AJOL. Ní 2005, AJOL kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Jọ́nà tó wà lórí rẹ̀ ti lé ní 500, Nàìjíríà ló sì ní èyí tó pọ̀ jù. Jọ́nà àwọn dókítà Gánà wà níbẹ̀. Ó tún wà lórí PubMed Central tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bójú tó. Ẹ̀dà tí kì í dé Kumasi tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí ẹni tó wà ní Tokyo lè kà láìsan ohunkóhun.

Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ ètò yìí, ìyẹn open access, gba ìtumọ̀ pàtó ní oṣù kejì ọdún 2002, nígbà tí àwọn tó ti pàdé ní Budapest ní òpin 2001 gbé ìwé àdéhùn wọn jáde. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni lè ka iṣẹ́ ìwádìí, kó gbà á sílẹ̀, kó dà á kọ, kó pín in, láìsí ìdíwọ́ owó tàbí òfin. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ má parẹ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀: kí onímọ̀ fi ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sínú àká tí gbogbo ènìyàn lè dé, tàbí kí jọ́nà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún òǹkàwé.

Ètò mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ máa ń pò mọ́ ọn. Oṣù kìíní ọdún 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé gbé HINARI kalẹ̀, kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè máa ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, ẹni tó fúnni sì lè gbà á padà: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, àwọn atẹ̀wé kan yọ ọwọ́ kúrò fún Bangladesh. Àwọn ilé-ìkàwé Gánà kò fi ẹ̀bùn nìkan ṣe ẹ̀yìn. Láti 2004 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ CARLIGH, wọ́n sì ń ná jọ́nà bí àwọn ọlọ́jà tó dáwó jọ kí alágbàtà má baà rẹ́ wọn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àká náà ń pọ̀ sí i. Yunifásítì Gánà ní UGSpace, níbi tí ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àpilẹ̀kọ àwọn olùkọ́ wà. Ẹgbẹ́ àwọn Yunifásítì Áfíríkà, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Accra, ní DATAD tó ń kó ìwé oyè jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Accra kan náà ni olú-ilé WACREN wà, àjọ tó ń so yunifásítì ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò LIBSENSE.

(Orin.)

Àmọ́ owó kò lọ. Ẹni tó ń san án ló yí padà. Nígbà tí jọ́nà PLOS Biology bẹ̀rẹ̀ ní 2003, 1,500 dọ́là ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ, kí òǹkàwé má baà san nǹkan kan. Ní òpin 2020, jọ́nà Nature kéde pé 9,500 yúrò ni tòun. Àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ní àwọn ń yọ̀ǹda owó náà fún orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù, ẹ̀dínwó ni wọ́n sì sábà máa ń fún èyí tó sàn díẹ̀. Ibẹ̀ ni Gánà ti rí ohun tó ń ṣeni ní kàyéfì. Ní 2010, ìjọba tún ọ̀nà ìṣirò ọrọ̀-ajé ilẹ̀ náà ṣe, iye rẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ròkè lẹ́ẹ̀kan. Kò pẹ́ tí Báńkì Àgbáyé fi yọ Gánà kúrò láàárín àwọn tó tòṣì jù. Owó oṣù olùkọ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ atẹ̀wé, Gánà ti kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń yọ̀ǹda fún, ó ti di ẹni tí wọ́n ń dín owó fún. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là kù sí ìdajì, owó ńlá ṣì ni fún ẹni tó ń gba sídì.

Inú àlàfo yìí ni àwọn jọ́nà gbájúẹ̀ ti rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n á gba ọgọ́rùn-ún dọ́là díẹ̀, wọ́n á tẹ àpilẹ̀kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò. Jeffrey Beall, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Colorado, ń kọ orúkọ wọn síta títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2017 tó yọ ìwé náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí yunifásítì bá ń ka iye àpilẹ̀kọ kó tó gbé olùkọ́ ga, tí kò wo ohun tó wà nínú wọn, oníbàárà kò ní wọ́n àwọn gbájúẹ̀ yìí láé.

Irú jọ́nà kan wà tí kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkàwé, tí kì í sì í gbà á lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Dáyámọ́ńdì ni àwọn ará Yúróòpù ń pè é, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tuntun. Ẹgbẹ́ tàbí yunifásítì ló ń gbé ìnáwó rẹ̀, olùkọ́ sì ni olótùú: bí Accra ṣe ń ṣe é láti àwọn ọdún 1950 nìyẹn, ìyàtọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ipò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kì í ṣe gbogbo jọ́nà agbègbè yìí ló lágbára rẹ̀; ọ̀pọ̀ ṣì ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, olótùú wọn sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lóru láìgbowó.

Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ tún ní àléébù tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, Gánà àti Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kàn gbọ̀ngbọ̀n. Jọ́nà ọ̀fẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà òkèèrè kò ṣeé dé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Àká tí yunifásítì gbé sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú ọgbà kò nílò okùn òkun kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ tó kà á. Iná mànàmáná ló nílò, àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.