Kòkòrò Onímú Gígùn Inú Ilẹ̀ Ìbàdàn: Bí A Ṣe Ń Sọ Ẹ̀dá Tuntun Di Mímọ̀

 

Kòkòrò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í gùn ju mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, inú ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ ìdí igi ni wọ́n ń gbé. Ẹ ti mọ àwọn ìbátan rẹ̀ dáadáa. Èyí tó ń sọ àgbàdo di lẹ́búlẹ́bú nínú àpò lọ́jà Bódìjà jẹ́ ọ̀kan. Ìtun tí wọ́n ń yọ nínú igi ọ̀pẹ, tí wọ́n ń din jẹ, ọmọ ọ̀kan nínú wọn ni. Èyí tó ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí atẹ́gùn fi ń gbé e ṣubú náà wà níbẹ̀. Àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni imú gígùn tó yọ síwájú orí, tí ẹnu wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣàpèjúwe irú wọn tó lé ní 60,000 káàkiri ayé, wọ́n sì gbà pé èyí tó kù ju ìyẹn lọ. Àwọn ti inú ilẹ̀ ló ṣòroó rí jù.

Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ilé tó bo ìyókù igbó Ìbàdàn, kí á ti jọ ilẹ̀ ibẹ̀, kí á ti ṣàpèjúwe ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nípamọ́ nílùú yìí.

Iṣẹ́ ṣíṣàpèjúwe ẹ̀dá kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ẹni tó bá ti kó obì láti Sábó lọ sókè ọya rí mọ ohun tí kòkòrò ń ṣe sínú apẹ̀rẹ̀. Obì tó dán lójú lè ti kún fún ìdin nínú. Kì í ṣe kòkòrò kan ṣoṣo ló ń ṣe é: Balanogastris kolae wà, oríṣi Sophrorhinus mélòó kan sì wà, onímú gígùn ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn Sophrorhinus yìí, Daramola àti Taylor ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ayé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sophrorhinus gbanjaensis nítorí gbànja tó ń jẹ. Títí di òní, àwọn onímọ̀ tó bá ń kọ̀wé nípa kòkòrò yìí, níbikíbi láyé, sábà máa ń kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n fi orúkọ olówó tàbí olóṣèlú sọ ẹ̀dá lọ.

Ẹ tún rántí ẹyẹ Malimbus ibadanensis. Ọdún 1958 ni J. H. Elgood, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹyẹ dúdú òun pupa ni, ó ń fò lójú sánmà, ó ń ké, síbẹ̀ ayé ìmọ̀ kò mọ̀ ọ́n títí di ọdún yẹn. Igbó inú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, wà lára ibi tó ṣẹ́kù fún un lónìí. Bí ẹyẹ bá lè fara pa mọ́ fún wa tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ohun tí kì í jáde lábẹ́ ewé?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. A ó kó ewé jíjẹrà nídìí igi títí dé ibi tí ilẹ̀ ti dúdú, a ó fi asẹ́ olójú fífẹ̀ jọ̀ ọ́. Èyí tó bá já sísàlẹ̀ la ó dà sínú àpò aláṣọ tí a gbé kọ́, tí ìgò spirit wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ewé náà ṣe ń gbẹ, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ á máa wá ibi tó tutù lọ sísàlẹ̀ títí wọn ó fi jábọ́ sínú ìgò. Onímú gígùn máa ń pẹ́ kó tó jáde. Bí nǹkan bá ti kàn án báyìí, á ká ẹsẹ̀ mọ́ra, á kú kíkú ẹ̀tàn, ojú lásán kò sì ní lè yà á sọ́tọ̀ lára hóró yẹ̀pẹ̀.

Nígbà tí a bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù, ẹrẹ̀ la ó kọ́kọ́ rí. Ó ti lẹ̀ mọ́ ìpẹ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírun díẹ̀ fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ojú rẹ̀ ti kéré, lára àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sí ojú mọ́, nítorí òkùnkùn ni wọ́n ń gbé láti ìran dé ìran. Ìyẹ́ líle ẹ̀yìn rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ìyẹ́ tí ì bá fi fò lábẹ́ rẹ̀ sì ti parẹ́. Ṣùgbọ́n ìrísí ìta kò tó. Ẹ̀dá méjì lè jọra bí ìbejì lójú wa kó jẹ́ pé wọn kì í bá ara wọn gùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ ẹ̀yà ìbímọ akọ jáde lábẹ́ awò, tí a ń yà á ní àwòrán, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ sábà máa ń hàn gbangba. Lóde òní a tún máa ń ka DNA rẹ̀, abala kan tó jẹ́ lẹ́tà 658, láti fi wé ti àwọn yòókù.

Wíwé yìí gan-an ni wàhálà. Púpọ̀ nínú kòkòrò ilẹ̀ wa tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí ìpìlẹ̀, ìyẹn ẹyọ tí orúkọ ẹ̀dá so mọ́, ló wà ní London, Paris, Berlin tàbí Tervuren lẹ́bàá Brussels. Òfin àgbáyé lórí orúkọ ẹranko sọ pé láti ọdún 2000, ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹ̀dá tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ yan ẹyọ kan tàbí ẹyọ mélòó kan pàtó ní ẹ̀rí ìpìlẹ̀. Bí ẹ̀rí náà bá jẹ́ ara ẹ̀dá tí a mú, kó sọ ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré tó wà lórí abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìwé pélébé: ibi tí a ti rí i, ọjọ́ tí a rí i, ẹni tó rí i. Kòkòrò tí ìwé yìí bá já lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilé tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ti sọnù.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni èrè rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò funfun kan bí ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ káàkiri Áfíríkà. Ọdún 1977 ni Danièle Matile-Ferrero ṣàpèjúwe rẹ̀ láti ilẹ̀ Kóńgò, ó pè é ní Phenacoccus manihoti. Nítorí pé Amẹ́ríkà Gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí lọ wá ọ̀tá kòkòrò náà. Wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ lápá àríwá ibẹ̀, wọ́n kó ọ̀tá rẹ̀ wá, kò sì ran ti Áfíríkà. Nígbà tí Cox àti Williams yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní ní 1981, ẹ̀dá mìíràn ni. Ìyẹn ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní akọ. Tiwa pupa rẹ́súrẹ́sú, abo nìkan ni wọ́n, wọ́n ń bímọ láìní ọkọ. Ọdún náà ni olùwádìí Tony Bellotti rí èyí gan-an tí a ń wá ní Paraguay; agbọ́n kékeré tó ń yé ẹyin sí i lára náà wà níbẹ̀. IITA níbí, ní Ìbàdàn, ló tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní 1981 kan náà, ó sì tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Gbogbo wàhálà ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn, ìjọra ẹ̀dá méjì ló fà á.

Ní ti onímú gígùn inú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún le sí i. Ẹ̀dá tí kò lè fò kì í rìn jìnnà, nítorí náà igbó kan lè ní irú tirẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Onímọ̀ kòkòrò Vasily Grebennikov ti bá irú wọn pàdé lábẹ́ ewé igbó orí òkè Tansaníà. Ní New Guinea, Alexander Riedel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe irú 101 lẹ́ẹ̀kan náà ní 2013, gbogbo wọn aláìlèfò. Orúkọ tí wọ́n nílò pọ̀ débi pé wọ́n yá lára rẹ̀ nínú ìwé tẹlifóònù. Bí wọ́n bá gé irú igbó bẹ́ẹ̀ láti fi kọ́ ilé, ẹyẹ lè fò lọ. Kòkòrò yìí kò níbi tó ń lọ.

Ní ti ewéko, Ìbàdàn ti ṣe é. Ilé ìpamọ́ ewéko tó wà lábẹ́ FRIN, ilé ìwádìí nípa igbó, ní Jẹ́ríkò ní ewéko gbígbẹ tó ju 100,000 lọ, akẹ́kọ̀ọ́ lè dé ibẹ̀ láti Agbówó kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ohun tí mo ń fẹ́ fún kòkòrò inú ilẹ̀ nìyẹn. Asẹ́ kò wọ́n, spirit wà ní Dùgbẹ̀, aránṣọ èyíkéyìí ní Challenge lè rán àpò náà, máíkírósíkópù sì wà ní yunifásítì. Ohun tó kù ni yàrá kan tó gbẹ, tí àwọn kòkòrò ajẹ-òkú kò ní lè wọ̀, àti owó oṣù ẹni kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.